Nẹ́ẹ̀tì wo, tẹ́ẹ̀sì wo, oògùn wo? Ìfiwéra ohun ìjà ibà fún ilé kan ní Iléṣà

Òṣómàáló ni bàbá mi. Aṣọ ló máa ń gbé jáde láti Iléṣà lọ sáwọn abúlé kòkó, á tà á láwìn, á sì padà lọ lóṣòó sójúde onígbèsè títí owó á fi jáde. Ẹni tó ń lóṣòó kó tó rówó gbà kì í náwó bó ṣe wù ú. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi ẹni tó bá ń polówó ọjà fún un: Èló ni? Ọdún mélòó ni mo máa lò ó? Ta ni yóò lò ó nínú ilé mi? Ìkẹta yẹn ló sábà máa ń pa ọlọ́jà lẹ́nu mọ́.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyàwó àbúrò mi tó ń gbé Ìfòfín pè mí lórí fóònù. Ó lóyún oṣù mẹ́rin, ọmọ ọdún kan àbọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá wa tó ti lé láàádọ́rin ọdún sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti dé. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣé nẹ́ẹ̀tì ni ká fi rà ni, àbí fílíìtì, àbí ká kàn tọ́jú ẹ̀ de ìgbà tá a bá máa lọ kẹ́míìsì?"

Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo kàwé, mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì léèrè, mo sì lọ yẹ ọjà wò l'Àtàkúnmọ̀sà. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè rẹ̀ fi le ju bó ṣe rí lọ. Ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìdáhùn rẹ̀ kúrú: nẹ́ẹ̀tì olóògùn kan ṣoṣo ló wà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ tẹ́ẹ̀sì. Ó ti yàtọ̀ báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láti ọdún 2000 sí 2023, ìgbógunti ibà ti gba ẹ̀mí tó tó mílíọ̀nù 12.7 là káàkiri ayé. Wọ́n fún Ṣáínà ní ìwé ẹ̀rí pé ibà ti tán nílẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2021, wọ́n fún Cape Verde àti Íjíbítì lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 nìkan, ibà mú ènìyàn nígbà tó tó mílíọ̀nù 263, ó sì pa ẹgbẹ̀rún 597. Nàìjíríà ló kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àìsàn yẹn lọ, àti bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ikú rẹ̀. Ohun ìjà ti pọ̀, ogun náà sì wà nílé wa. Ìṣòro ẹni tó fẹ́ rà ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ìjà yìí ló jọra lójú.

Nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó jọ ìbẹta

Bí ẹ bá tẹ́ nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yìí sílẹ̀ lójú ọjà, ẹ kò ní mọ èyí tó lágbára. Funfun ni ọ̀pọ̀ wọn, ihò wọn kéré bákan náà, òórùn wọn kò sì yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ni ìyàtọ̀ wà.

| | Ti àtijọ́ | Ti PBO | Olóògùn méjì |
|---|---|---|---|
| Ohun tó wà lára rẹ̀ | pyrethroid (oògùn apẹ̀fọn) nìkan | pyrethroid àti PBO | pyrethroid àti chlorfenapyr |
| Bó ṣe ń pa ẹ̀fọn | ó ń da iṣan ẹ̀fọn rú | ó ń gba ohun tí ẹ̀fọn fi ń tú májèlé ká lọ́wọ́ rẹ̀ | ó ń gba agbára ara ẹ̀fọn, kò ní lè fò mọ́ |
| Ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i | ó ti pẹ́ | 2017 | 2023 |
| Ibi tó kù sí | ẹ̀fọn púpọ̀ ti mọ́ ọn lára | PBO kì í pẹ́ lára rẹ̀ | kì í sí lọ́jà nígbà gbogbo |

Ẹ̀fọn ló sọ nẹ́ẹ̀tì di mẹ́ta. Pyrethroid tó wà lára nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó bá là á já ń bí ọmọ tó máa là á já. Kó tó ọdún mélòó kan, ẹ̀fọn ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú májèlé náà ká nínú ara wọn bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ẹmu tí kò sì pa á. PBO fúnra rẹ̀ kì í pa ẹ̀fọn. Ohun tí ẹ̀fọn fi ń tú májèlé ká ló ń dè lọ́wọ́, kí pyrethroid lè ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó dára, àmọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Tanzania, agbára tí nẹ́ẹ̀tì PBO fi ju ti àtijọ́ lọ ti ń dín kù kété tí ọdún kìíní parí.

Chlorfenapyr ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé. Kò bá iṣan jà rárá. Bí ẹ̀fọn bá bà lé nẹ́ẹ̀tì yẹn, ara ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́ di májèlé, agbára á sì tán nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ tí epo tán nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní Tanzania, wọ́n fi ọdún méjì fi nẹ́ẹ̀tì yìí wé ti àtijọ́, ibà tó ń mú àwọn ọmọdé dín kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Benin, tó jẹ́ aládùúgbò wa, ìdá 46 ni. Mi ò rí ohun tó tún tó yẹn nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa nẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tó máa ń da ènìyàn láàmú nípa rẹ̀. Ẹ̀fọn tó bà lé nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ti chlorfenapyr lè má kú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ lè máa wò ó kó máa fò lọ, kẹ́ ẹ ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ní sùúrù fún un.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ etí nẹ́ẹ̀tì. Orúkọ oògùn máa ń wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ deltamethrin, permethrin tàbí alpha-cypermethrin nìkan lẹ rí, ti àtijọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá rí piperonyl butoxide, PBO nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí chlorfenapyr, ẹ dì í mú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan: PermaNet 2.0, PermaNet 3.0 àti PermaNet Dual jọ ń jẹ́ PermaNet ni, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ni ìkíní, PBO wà lára ìkejì, ìkẹta ló ní chlorfenapyr. Bí ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà.

Lọ́dún 2023, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà ló ti jẹ́ PBO tàbí olóògùn méjì. Nítorí náà, èyí tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìtọ́jú aboyún tàbí nígbà tí ìjọba bá ń pín in láti ojúlé dé ojúlé lè dáa ju èyí tẹ́ ẹ máa fi owó yín rà lọ. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi bo tòmátò lóko. (Mo ti rí i lóko. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ń kó ẹja pẹ̀lú.)

Oníhà mẹ́rin àbí roboto tó ní ẹnu ṣóńṣó lókè? Oníhà mẹ́rin ń fẹ́ ìṣó mẹ́rin, ó sì gba ìyá àti ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Roboto kò ju ìkọ́ kan lọ, ó rọrùn láti ká sókè láàárọ̀, ó bá ẹni tó ń sùn lórí ẹní mu. Bó ti wù kó rí, kó tó di pé ẹ kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀, ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ kan, kì í ṣe sójú oòrùn. Ọṣẹ lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, láìsí bílíìṣì, kí fífọ̀ rẹ̀ má sì ju ogún ìgbà lọ láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣírò fún un. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń tọ́jú ihò.

Fílíìtì, kọ́ìlì àti ìgò kékeré yẹn

Fílíìtì ń pa ẹ̀fọn tó wà nínú yàrá ní wákàtí tẹ́ ẹ fọ́n ọn. Bí èyí tó wà níta bá wọlé ní agogo méjì òru, kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Ìyẹn ni mo fi sọ fún ìyàwó wa pé owó fílíìtì oṣù mẹ́ta kò fi ohunkóhun sílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì sì ń bẹ níbẹ̀ di ọdún mẹ́ta. Ẹ tún wo ẹ̀yìn agolo rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdílé pyrethroid kan náà tí ẹ̀fọn ti mọ́ lára ni wọ́n fi ṣe é.

Kọ́ìlì ń lé ẹ̀fọn díẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá wa ń húkọ́ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kọ́ìlì parí síbẹ̀ nílé yẹn.

Ọ̀tápíápíá àti DDVP, ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper: oògùn oko ni. Síbẹ̀, wọ́n ń fọ́n ọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ ní ìsọ̀ àti ọjà gbogbo, nítorí àwọn tó ń kú nípasẹ̀ rẹ̀. Mi ò fi wé ohunkóhun.

Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni mo fẹ́ràn tẹ̀ lé nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀dì. Yáàdì ni wọ́n ń tà á, káfíńtà á kàn án mọ́ férémù, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé láìbéèrè bóyá wọ́n rántí. Àmọ́ bí ilé kò bá ní àjà, tí ààyè wà láàárín ògiri àti páànù, ẹ̀fọn ò nílò fèrèsé yín. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wò kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà.

Lọ́dún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fọwọ́ sí irú kan tí wọ́n ń so rọ̀ sínú yàrá bíi kàlẹ́ńdà, tí oògùn ń rọra jáde lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìlo iná. Mi ò tíì rí i lórí igbá ẹnikẹ́ni l'Àtàkúnmọ̀sà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. A máa ń sọ pé gọ́tà ló ń fa ibà. Ẹ̀fọn inú gọ́tà tó ń dún létí wa nírọ̀lẹ́, ẹ̀yà mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó ń gbé ibà, omi tó mọ́, tó dúró, tí oòrùn ń yọ sí ló máa ń yé ẹyin sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, àti àwọn kòtò tí àwọn tó ń wa góòlù fi sílẹ̀ ní ẹkùn Ìjẹ̀ṣà wa yìí. Bẹ́ ẹ bá gbọ́n gọ́tà, ẹ máa sùn dáadáa, ilé á sì mọ́. Ṣùgbọ́n tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn ibà lè wà nínú omi tó mọ́ gaara lẹ́yìn ilé, tẹ́nikẹ́ni ò fura sí. Gbogbo kòtò góòlù ìlú kò ṣeé dí, nẹ́ẹ̀tì ṣeé so rọ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára: RTS,S àti R21

Níbí, yíyàn kò sí lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. RTS,S ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi dánra wò ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì láti 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá 2021. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ, ikú ọmọdé láti ọwọ́ àìsàn gbogbo dín kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. R21 tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá 2023. Yunifásítì Oxford ló ṣe é, Serum Institute ní Íńdíà ló ń pèsè rẹ̀, ó sì rọrùn láti pèsè púpọ̀ rẹ̀ ní owó tó dín. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi àwọn méjèèjì wọ ìdíje lójúkojú nínú ìwádìí kan náà, nítorí náà ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dín ibà kù ju ìdajì lọ ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, agbára rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kẹrin fi wà.

R21 ni Nàìjíríà mú. Ó wọlé ní oṣù kẹwàá 2024, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Ètò rẹ̀ ni oṣù karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀ṣun kò sí nínú méjì àkọ́kọ́ yẹn. Ìmọ̀ràn mi fún ìyàwó wa ni pé kó má ṣe yẹ ọjọ́ àjẹsára kankan tí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ bá dé, kó sì máa béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé káàdì rẹ̀ jáde. Àwa ará ibí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ káàdì mọ́ lára jù: Ìmẹ̀sí-Ilé níbí ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní nǹkan bí ọdún 1956 sókè, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ lóṣooṣù tí wọ́n sì ń sàmì sí káàdì tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ sílé. Káàdì yẹn rin ìrìn-àjò ayé lẹ́yìn náà.

Àwọn ìbátan wa tó wà lókè ọya máa ń sọ pé wọ́n ń fún ọmọ wọn ní oògùn ìdènà lóṣooṣù lásìkò òjò, wọ́n á bi wá léèrè pé kí ló dé tí ẹ̀yin kì í ṣe é. Níbẹ̀, ibà ń rọ́ jọ sáàárín oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún òjò. Tiwa ń tàn kálẹ̀ láti oṣù kẹta di oṣù kọkànlá, oògùn oṣooṣù á sì di ti gbogbo ọdún.

Aboyún: oògùn kan, àṣìṣe kan

SP, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Fansidar, ni wọ́n ń fún aboyún láti dènà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá oyún ni, kí ó kéré tán oṣù kan wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kó sì tó ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré jù. Lójú nọ́ọ̀sì ni kó gbé e mì. Kò sí ohun tó dára tó o láti fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà mi ò fi í wé ohunkóhun. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni ti folic acid. Kékeré rẹ̀, 0.4 mg, bá SP mu. Ńlá rẹ̀, 5 mg, tí ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ń tà fún aboyún, ń sọ SP di aláìlágbára. Ìyàwó wa ń lo ti 5 mg láti oṣù kìíní. Ó mú páálí rẹ̀ lọ han nọ́ọ̀sì, wọ́n sì yí i padà. Ẹni tó bá ń lo cotrimoxazole ojoojúmọ́ nítorí HIV kì í lo SP, kó sọ fún wọn.

Tẹ́ẹ̀sì: ìlà méjì àbí awò?

Ibi tí mo ti bínú jù nìyí. Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbì kan nígboro tí wọ́n kàn fọwọ́ kan ọrùn mi, tí wọ́n ní màláríà àti táífọ́ọ̀dì ni, tí wọ́n sì gún mi lábẹ́rẹ́. Owó mi lọ, ìdí mi wú. Nígbà tí mo wá rí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi, àìsàn inú ìtọ̀ ló ń bá mi jà látìbẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ẹ̀sì ìlà méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní RDT, ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ìlà kan túmọ̀ sí pé kò sí, ìlà méjì pé ó wà. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá ni èérún tí kòkòrò ibà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èérún yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú.

Awò, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ń rí kòkòrò fúnra rẹ̀, ó sì lè kà á. Plọ́ọ̀sì kan, plọ́ọ̀sì méjì tí ẹ máa ń gbọ́, ibẹ̀ ló ti wá. Ó ń fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́, ó ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ àkókò. Lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń kánjú, kò sàn ju àfọ̀ṣẹ lọ.

Bí mo ṣe ń yàn án nìyí. Bí ara ọmọ bá gbóná tí kò sì tíì lo oògùn ibà láti oṣù tó kọjá, RDT ti tó. Bó bá ti lo oògùn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí ara sì tún gbóná, awò ni kẹ́ ẹ lọ, torí RDT á kàn máa sọ ìtàn àná fún yín. Bí tẹ́ẹ̀sì bá ní kò sí, ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ wá ohun mìíràn tó ń gbóná ara. Ìyẹn ló ṣòro fún wa jù, torí a ti gbà pé gbogbo ara gbígbóná ni ibà.

Oògùn: láti kilorokúìnì dé ACT

Ẹni tó bá ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nílé yìí á rántí kilorokúìnì. Ṣé ẹ rántí bó ṣe máa ń yún wa lára mọ́jú, tí a óò máa ha ara mọ́ ògiri? Nàìjíríà yọ ọ́ kúrò nípò àkọ́kọ́ lọ́dún 2005 torí kòkòrò ibà kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi ACT rọ́pò, ìyẹn oògùn méjì tí wọ́n lù pọ̀. Ohun tí ẹ̀fọn fi kọ́ wa lára nẹ́ẹ̀tì ni kòkòrò ibà kọ́kọ́ fi kọ́ wa lára oògùn. Ẹni tó bá ṣì ń ta kilorokúìnì fún ibà ìhín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Nínú ACT, mẹ́ta lẹ máa rí jù. Artemether-lumefantrine ni ọ̀pọ̀ ń lò: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìkejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn ìkíní, kí oúnjẹ tó ní òróró tàbí wàrà sì tẹ̀ lé e kó lè wọ ara. Iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ara, bó bá jẹ́ hóró tí wọ́n kọ 20/120 mg sí lára páálí rẹ̀: ọmọ kílò márùn-ún sí mẹ́rìnlá, hóró kan lẹ́ẹ̀kan, àgbà kílò 35 sókè, mẹ́rin. Artesunate-amodiaquine jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ àwọn kan gan-an. Dihydroartemisinin-piperaquine náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Fún ilé tí ìyá ń jí lọ ọjà ní agogo márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lè sàn ju ẹ̀ẹ̀mejì tí wọn kò ní rántí lọ. Ẹ bi oníkẹ́míìsì tó ní ìwé ẹ̀rí léèrè, ẹ fá ojú páálí rẹ̀ kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ojúlówó ni.

Ní ti ọmọ jòjòló, oògùn tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí kò tó kílò márùn-ún kò sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń ṣẹ́ ti àwọn tó dàgbà sí méjì ni. Lọ́dún 2025, Switzerland fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe fún wọn gan-an. Ti aboyún náà yí padà: láti 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà kí wọ́n lo artemether-lumefantrine kódà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Artesunate abẹ́rẹ́ jẹ́ ti ibà tó le. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2010, fi hàn pé ó ń dín ikú kù ju kuìníìnì lọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó lè gbé oògùn mì, tó ń jẹun, tó ń rìn, abẹ́rẹ́ kò yá ju hóró lọ. Owó ló fi yá. Bí ọmọ bá ní gìrì, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kókà, ẹ má yà sí kẹ́míìsì kankan. Wesley Guild ni kẹ́ ẹ gba lọ, lóru náà.

Àgbo. Mo mọ̀ pé ẹ ń dúró de ibẹ̀. Ìyá wa ń se orúwo, dóńgóyárò àti ewé ìbẹ́pẹ, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Inú ewé kan náà, kì í ṣe mẹ́ta yẹn, ni wọ́n ti rí artemisinin tó wà nínú ACT: Tu Youyou ní Ṣáínà ló yọ ọ́ jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2015. Èèpo igi ni kuìníìnì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìkòkò ìyá wa àti páálí ACT ni pé a mọ iye tó wà nínú hóró kan. Ìkòkò òní àti ti àná kò dọ́gba rárá. Àgbàlagbà tó fẹ́ mu ún, kó mu ún. Ọmọ ọdún kan àbọ̀, ọjọ́ kan tí a fi ń dán àgbo wò lè jẹ́ ọjọ́ tí gìrì bẹ̀rẹ̀.

Bí owó ṣe lọ

Níbi ìtọ́jú aboyún, wọ́n fún ìyàwó wa ní nẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní chlorfenapyr. Ìyẹn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì òun àti ọmọ. Owó tó wà nílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé méjì la fi rà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, kí wọ́n yé fi ẹ̀yìn ọwọ́ díwọ̀n. Ìyókù wà nínú àpò fún tẹ́ẹ̀sì.

Ó ku ìyá wa. A ra nẹ́ẹ̀tì PBO funfun fún un, oníhà mẹ́rin, ó dáa. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó yíká, ó ní, "Ṣé mo ti kú ni, tẹ́ ẹ ń fi aṣọ funfun bò mí?" Ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kẹta bàbá mi ni mo ti gbàgbé.

Mo padà s'Átàkúnmọ̀sà. Aláwọ̀ búlúù kan ṣoṣo ló kù, roboto, mo sì ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀: deltamethrin nìkan, ti àtijọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tí mo ti kà lórí mi. Mo rà á. Wọ́n gbé PBO funfun lọ sí yàrá àbúrò mi, wọ́n sì fi ìkọ́ kan so búlúù náà rọ̀ lókè ẹní ìyá wa. Ìyàwó wa pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé Ìyá sùn sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, ó ní ó dà bíi pé òun wà nínú àtíbàbà ọjọ́ ìyàwó òun, ṣùgbọ́n ká sún un sún mọ́ fèrèsé díẹ̀, torí ooru.